Kí Ilẹ̀ Má Wà Níhòòhò: Àgbéyẹ̀wò Irúgbìn Abolẹ̀ Láti Mile 2

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Mile 2, tó wọ dáńfó gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sápá Festac, Agbójù àti Ọ̀jọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí wọn: ebè ẹ̀fọ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ wáyà iná alágbára, létí gọ́tà ńlá, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì rówó kọ́lé sí. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ yòkòtò wà níbẹ̀, ewédú, gbúre àti ùgwú. Tẹ̀tẹ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ kí wọ́n tó fà á tu lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á tán, ilẹ̀ yẹn wà níhòòhò. Oòrùn á máa pa á. Bí òjò bá wá dé, ojú lásán ni a ó fi rí i bí omi ṣe ń wọ́ yanrìn rẹ̀ lọ sínú gọ́tà.

Ilẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Mile 2 wà nínú rẹ̀, kò rí bí ilẹ̀ Oǹdó tàbí ti Ìbàdàn. Irà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀; ibi tí kì í bá ṣe irà, yanrìn ni. Yanrìn kì í sì í mú nǹkan dání. Àgbẹ̀ á da ìgbẹ́ adìẹ sí i, tẹ̀tẹ̀ á dúdú minimini, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn òjò ńlá méjì mẹ́ta, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì di dandan kó tún ra àpò ìgbẹ́ adìẹ mìíràn, tàbí kó wá yùríà. Ibo ni èyí tó dà síbẹ̀ lọ? Ó ti bá omi lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ kò lè dé. Ilẹ̀dú ló ń di ajílẹ̀ mú, ìyẹn ewé, igi àti gbòǹgbò tó ti jẹrà tó di ara ilẹ̀. Yanrìn tí kò ní ilẹ̀dú, asẹ́ ni.

Oògùn tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń júwe fún irú àìsàn yìí láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni irúgbìn abolẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a gbìn ní pàtàkì nítorí kó lè bo ilẹ̀, kì í ṣe nítorí àtijẹ tàbí àtità. Ó ń gba ẹ̀kán òjò sórí ewé rẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ó ń fi òjìji rẹ̀ pa koríko. Bí a bá gé e, ara rẹ̀ á jẹrà, á di ilẹ̀dú. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ó tún ní iṣẹ́ kan tí àwọn tó kù kò lè ṣe. Ẹ fa ẹ̀pà tó ń ṣe dáadáa tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí kókó wínníwínní lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́: ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń fi bọ́ irúgbìn náà. Náítírójìn yìí kan náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńláńlá àti gáàsì ṣe ní ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó dì í sínú àpò yùríà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Àpò yùríà kan jẹ́ kílò 50, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn, ìyẹn kílò 23. Mùkúnà, irúgbìn abolẹ̀ onítàkùn kan tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀wà, bó bá bo hẹ́kítà ilẹ̀ kan dáadáa, lè kó tó kílò 100 náítírójìn sára ewé àti ìtàkùn rẹ̀. Ìyẹn ju àpò mẹ́rin lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti inú afẹ́fẹ́ wá. Gbòǹgbò rẹ̀ gbé apá kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀, nínú èyí tí òjò ti fẹ́ gbé sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ tó tẹ̀lé e máa rí jẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ra yùríà ní àwọn ọdún tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí mọ ohun tí àpò méjì péré jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ńlá ti Dangote tí wọ́n ṣí ní Ìbẹjú-Lẹ́kí ní March 2022 wà ní ìpínlẹ̀ Èkó kan náà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń fi báàgì kékeré ra ajílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Mile 2 ṣì ń ṣírò owó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà á.

Kò yẹ kí a máa sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé òyìnbó ló fi han àgbẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba wa mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣá. Wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á gba ibòmíràn lọ, igbó á hù bo èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á tún ṣán an. Igbó yẹn ni aṣọ tí wọ́n ń fi bo ilẹ̀. Nígbà tó yá tí ilẹ̀ kò tó mọ́, ewéko àjèjì kan tí wọ́n fi orúkọ Akíntọ́lá pè láyé òṣèlú àkọ́kọ́ gba oko kan. Àwọn àgbẹ̀ bú u títí, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ilẹ̀ tó bá bò fún ọdún méjì mẹ́ta máa ń rọ̀ lábẹ́ ọkọ́. Ẹ̀gúsí ńkọ́? Ìyá àgbà tó da ẹ̀gúsí sáàárín ebè iṣu mọ̀ pé bó bá ti tàn tán, oko ríro ti dín kù. Irúgbìn abolẹ̀ ni ẹ̀gúsí yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, níbi tí ìjọba amúnisìn fi ṣe ibùjókòó ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀. O. T. Faulkner ni ọ̀gá àgbà. Láti 1922 ni ìdánwò náà ti bẹ̀rẹ̀, H. Vine sì kó àbọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí di 1951 jọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí a fi lè máa lo ilẹ̀ kan náà lọ láìfi í sílẹ̀ di igbó. Wọ́n gbin mùkúnà, èyí tí í ṣe ọmọ ìyá wèrèpè inú igbó ṣùgbọ́n tí kì í yún ènìyàn lára. Nígbà tó bá bo ilẹ̀ tán, wọ́n á ro ó mọ́lẹ̀ ní tútù, wọ́n á gbin àgbàdo lé e. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́. Àgbàdo kò já wọn kulẹ̀ bó ṣe máa ń rí lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ń gbìn lọ́dọọdún láìfún un ní nǹkan kan.

Àgbẹ̀ Ìbàdàn wò ó, kò sì gbà. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà rò pé agídí ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ ebè mọ iye agbára tó wà lápá òun. Pé kó ṣán ilẹ̀, kó gbin ohun tí kò ní jẹ, kó tún fi ọkọ́ sin ín mọ́lẹ̀ nígbà tí ìtàkùn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, nígbà tí igbó tí kò tíì ṣá sì ń bẹ níwájú tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni èrè ibẹ̀? Ìmọ̀ràn yẹn dé ṣáájú ìyà tó yẹ kó wò sàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, iṣẹ́ náà tún gbilẹ̀. Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó dé ibẹ̀ ní 1970 tó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó ń wọn ìwọ̀n ilẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ. Ohun tó rí ni pé katakata tó tú ilẹ̀ wa síta gbangba ń ṣe é níbi ju bó ṣe ń ṣe é lóore lọ, àti pé ilẹ̀ tí ewé gbígbẹ tàbí irúgbìn abolẹ̀ bò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ rárá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, Bede Okigbo àti G. F. Wilson, tẹ ìwádìí jáde nípa bí oríṣiríṣi irúgbìn abolẹ̀ ṣe ń tún ilẹ̀ ṣe. Ní 2020, wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé, World Food Prize. I. O. Akobundu, onímọ̀ nípa èpò, gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ó ní kí wọ́n má pa irúgbìn abolẹ̀ náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láàyè, kí wọ́n sì gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Ó dára lójú, koríko kò rí àyè. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, irúgbìn abolẹ̀ àti àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í du omi, ìtàkùn á sì máa gun àgbàdo bí a kò bá máa gé e. Àgbẹ̀ tó ń sá fún oko ríro á tún rí ìtàkùn gígé.

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí irúgbìn abolẹ̀ mọ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà Àgbádárìgì tó gba Mile 2 kọjá yìí, bí èèyàn bá tẹ̀lé e dé Sẹ̀mẹ̀, tó wọ orílẹ̀-èdè Benin, tó kọjá Kútọnu, tó forí lé ìwọ̀-oòrùn, yóò dé agbègbè tí wọ́n ń pè ní Mono ní àwọn ọdún 1980. Àwọn Adja ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó wọn. Wọ́n ní ọgbọ́n ìbolẹ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀: ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ tó bá ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á fi ẹmu rẹ̀ pọn sodabi, tí ó jẹ́ ògógóró tiwọn, ilẹ̀ á sì ti sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ kò lè fi í sábẹ́ ọ̀pẹ fún ọdún mẹ́wàá kó máa wò ó.

Ní 1986, iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RAMR bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, láàárín ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Benin àti àwọn ará Netherlands. Wọn kò lọ ṣe ìdánwò sínú ọgbà ìjọba. Oko àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n lọ, wọ́n sì kó oríṣiríṣi nǹkan síwájú wọn kí wọ́n wò: igi tí a ń gbìn sáàárín àgbàdo, òtílí, mùkúnà. Nítorí kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni wọ́n ṣe mú gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn àgbẹ̀ wò ó, wọ́n rí nǹkan mìíràn. Wọ́n rí i pé ibi tí mùkúnà bá bò, ẹ̀kan kú.

Ẹni tí kò bá ẹ̀kan jà rí kò lè mọ ohun tí èyí jẹ́. Koríko yìí, ṣóńṣó orí rẹ̀ ń gún ẹsẹ̀ bí abẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ wọlé. Bí a bá fi ọkọ́ gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò hù. Iná kì í pa á. Oko tí ẹ̀kan bá ti gbà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Mono a fi í sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kan kò lè fara da òjìji, mùkúnà sì lè bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bámúbámú fún oṣù mélòó kan tí oòrùn kò ní rí ilẹ̀ rárá. Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò ní abúlé Zouzouvou ní 1987 kò pọ̀. Ní 1988, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di 1996, tí ìjọba àti àjọ Sasakawa Global 2000 ti dá sí i, wọ́n ti tó bí 10,000 ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é rọrùn. Wọ́n á gbin àgbàdo ìgbà òjò àkọ́kọ́. Nígbà tí àgbàdo bá tó bí ogójì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbin mùkúnà sáàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá yá jù, ìtàkùn á fa àgbàdo lulẹ̀. Wọ́n á kó àgbàdo, mùkúnà á gba oko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò kú fúnra rẹ̀, yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tó nípọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á kàn gún ihò sínú ẹní yẹn, wọ́n á sọ àgbàdo sí i. Kò sí pé ẹnì kan ń fi ọkọ́ sin ewé tútù mọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ ní ayé Faulkner, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Àmọ́ gbogbo ọdún kọ́ ni òkìkí ń dún. Mùkúnà ń gba ìgbà òjò kejì. Àgbẹ̀ tó bá gbìn ín ti pàdánù àgbàdo tàbí ẹ̀wà tí ì bá gbìn ní September. Èso rẹ̀ kò ṣe é jẹ bí ẹ̀wà: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní L-dopa wà nínú rẹ̀ tó ń da inú àti orí ènìyàn rú, bí a kò bá sè é, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún sè é léraléra. Ẹni tó ń ra èso náà jù lọ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ pín in fún àgbẹ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n dẹ́kun rírà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dẹ́kun gbígbìn. Ẹni tó yá ilẹ̀ lò kò fẹ́ tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe, nítorí bí ilẹ̀ bá ti dára tán ni onílẹ̀ máa ń rántí pé òun ní ọmọ tó fẹ́ dáko. Iná ọdẹ náà ń jó ẹní gbígbẹ yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo iṣẹ́ á sì di eérú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, Mono ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àgbẹ̀ kì í gbin nǹkan nítorí náítírójìn. Ó ń gbìn ín nítorí ìyà tó ń jẹ ẹ́ lónìí, ẹ̀kan ni o, ebi ni o, tàbí owó òṣìṣẹ́ tó ń bá a roko. Ilẹ̀ tó dára lọ́dún mẹ́ta sí i, èrè orí ọjà ni.

Ìtàn Amẹ́ríkà gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí George Washington Carver, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, dé Tuskegee ní Alabama ní 1896, òwú ti jẹ ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tán. Ní 1905 ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún wọn lórí bí a ṣe ń tún ilẹ̀ tó ti ṣá ṣe, ẹ̀wà sì wà lára ohun tó gbé lé wọn lọ́wọ́, nítorí ẹ̀wà bo ilẹ̀, ó bọ́ ilẹ̀, ó tún bọ́ ọmọ. Ẹ̀wà yẹn, Áfíríkà ló ti kọjá òkun lọ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àgbádárìgì tí títì Mile 2 ń lọ wà lára èbúté tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa. Ohun tí wọ́n fi tún ilẹ̀ Alabama ṣe, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ. Ó yẹ kí ìyẹn máa dùn wá, kó sì tún máa fún wa ní ìgboyà.

Ó wá kan ilẹ̀ tiwa ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbí kì í ṣe bóyá irúgbìn abolẹ̀ dára. Ta ló ní àkókò rẹ̀ ni ìbéèrè. Mùkúnà nílò oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn, ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè fa tẹ̀tẹ̀ lórí ebè kan náà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé ọmọ àti owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó fún wọn láyè, inú ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn ló ti ń jáde. Kò sí ìwé lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Katakata lè dé láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá dúró níwájú irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ní kó fi mùkúnà bo ebè rẹ̀ títí ọdún yóò fi parí, kò tíì ronú dáadáa. Ìdájọ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan tó fẹ́ràn ilẹ̀ gan-an kò ní fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdún ṣe ń lọ ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀fọ́ ń wọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n ń fi garawa gbé omi láti inú kòtò wọn ebè láàárọ̀ lálẹ́, tí kò sí ebè tó ń sinmi. June àti July ni òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Ẹ̀fọ́ pọ̀ lọ́jà nígbà náà, owó rẹ̀ já, ebè tó rẹlẹ̀ á kún fún omi, tẹ̀tẹ̀ á sì máa jẹrà láti ìdí. Ìgbà yẹn kan náà ni òjò ń fọ ilẹ̀ jù lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ nílò aṣọ jù lọ ni ìgbà tí ẹ̀fọ́ ń mówó wálé kéré jù. Níbí ni mo rò pé àyè wà fún irúgbìn abolẹ̀ ní Mile 2, àyè tí kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Èyí tí a ó gbìn sí àyè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣe é jẹ tàbí tó ṣe é tà. Ẹ̀wà tó ń yára gbó lè so láàárín bí ọgọ́ta ọjọ́. Bí a bá gbìn ín ní April sórí ebè tó ga, yóò ti bo ilẹ̀ kí òjò June tó dé, a ó ká a, a ó gé ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ká má fà á tu, nítorí gbòǹgbò ni kókó wà. Ẹ̀gúsí ń bo ilẹ̀ kíákíá, kò sì sí ẹni tó ń bi wá pé kí la fẹ́ fi í ṣe. Kúkúǹdùnkún kò fún ilẹ̀ ní náítírójìn, àmọ́ yanrìn ni ilé rẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, a sì lè gé ìtàkùn kan lónìí kó di oko lọ́la láìra irúgbìn. Ùgwú tí a bá fi sílẹ̀ kó fà lórí ilẹ̀ dípò ká gbé e gun igi náà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, owó ewé rẹ̀ sì ń wọlé lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ní ibi tó rẹlẹ̀ tí omi ń dúró sí, mùkúnà àti ẹ̀wà á kú. Ewéko kan wà tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ gan-an ní Senegal, Sesbania rostrata, tí omi kì í pa, tó sì ń so kókó náítírójìn sára igi rẹ̀ lókè omi. Ó yẹ ká dán an wò létí odò Festac, kì í ṣe kí a kàn máa kà nípa rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń polongo ẹ̀wà fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́ sí. Aràn àìfojúrí kan ń gbé inú ilẹ̀ yanrìn, tó ń mú gbòǹgbò wú. Ó fẹ́ràn ewédú, ó fẹ́ràn ṣọkọ yòkòtò, ó sì fẹ́ràn ẹ̀wà. Àgbẹ̀ tó bá ń fi ẹ̀wà tẹ̀lé ewédú, tó tún ń fi ṣọkọ tẹ̀lé ẹ̀wà, àlejò yẹn ló ń sè fún. Kí a má ṣe ṣì í mọ̀ sí kókó rere: kókó náítírójìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, ọwọ́ lásán lè ṣí i kúrò, èyí tí aràn fà, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ṣe é ṣí. Níbi tí a bá ti rí i, ewéko abolẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crotalaria ló yẹ ká gbìn, tàbí mùkúnà, nítorí àwọn méjèèjì ń dín aràn yẹn kù. Àwọn ebè tó ti ṣá jù, tí ewédú ibẹ̀ ń ràn bí ẹni tí ibà ń ṣe, ló lè san owó mùkúnà padà. Ilẹ̀ òfìfo ńlá tí ẹ̀kan ti gbà láàárín ilé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi dáko, náà wà lára ibi tí mùkúnà ti yẹ. Níbẹ̀, kò sí tẹ̀tẹ̀ kankan tó ń bá a du àkókò.

Àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ láìlo kẹ́míkà kò lè sá fún irúgbìn abolẹ̀, nítorí wọn kò ní yùríà láti sá lọ bá. Ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ibùdó Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ti fi han gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ìgbẹ́ ẹran, ẹja, ewé àti ilẹ̀ ṣe lè máa bọ́ ara wọn yíká. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, àwọn olùkọ́ tó dá OAPTIN, ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ láìlo kẹ́míkà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà, sílẹ̀ ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ẹ̀fọ́ tó hù létí títì tí èéfín ọkọ̀ àjàgbé kò dá lójú rẹ̀ tọ̀sán tòru, tí wọ́n fi omi gọ́tà wọn, kì í di ẹ̀fọ́ mímọ́ nítorí pé ẹ̀wà ló ṣáájú rẹ̀ lórí ebè. Irúgbìn abolẹ̀ kò lè fọ májèlé irin kúrò nínú ilẹ̀. Ohun tó lè ṣe kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣe pàtàkì: ilẹ̀ tó bá ní ìbòrí, òjò kì í ta ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ rẹ̀ sára ewé tí a ó jẹ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ejò. Wọ́n ní ìtàkùn tó nípọn ni ejò àti eku ń fi ṣe ilé. Òótọ́ ni, pàápàá fún mùkúnà. Bàtà òjò àti igi gígùn ni kí a máa lò fún un.

Ìmọ̀ràn mi sí àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n fi dúró, àti sí ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ọjà ẹ̀fọ́: ẹ kọ ìwé ọdún méjì fún àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ọdún méjì tó. Ilẹ̀ yín kò ní di tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò wà níbẹ̀ ní àmọ́dún yóò gbin ohun tí yóò ṣe é lóore ní àmọ́dún. Ìwé yẹn yóò bo ilẹ̀ ju irúgbìn èyíkéyìí tí wọ́n bá pín lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹ̀gbẹ́ títì Àgbádárìgì, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ fi ọwọ́ yín bọ́ Festac, mi ò ní kí ẹ fi gbogbo oko yín dán nǹkan wò. Bí April bá dé, nínú ebè mẹ́wàá, ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí bo ẹyọ kan péré kí òjò June tó bá a níhòòhò. Ní September, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀ àti sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tí kò ju ara wọn lọ sí méjèèjì, kí ẹ sì ka iye ìdì tí ẹ bá gé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.